René-Just Haüy, Ọmọ Ahunṣọ Tí Ó Sọ Òkúta Lórúkọ

Ní ọjà Dantokpa ní Cotonou, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí a má gbọ́ ọ̀rọ̀ kílò, lítà àti mítà. Kílò ni a fi ń wọn ẹran, lítà ni a fi ń wọn epo, mítà sì ni a fi ń wọn aṣọ. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí ní ọjọ́ ìbí, àti pé àwọn ènìyàn bí tiwa ni ó jókòó, tí wọ́n ronú, tí wọ́n wọn omi, kí kílò tó di kílò. René-Just Haüy jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun kan náà ni ó kọ́ aráyé bí a ti í wo òkúta, kí a sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òun sì ni ó sọ òkúta kan tí ó ṣọ̀wọ́n lórúkọ, òkúta pupa àti àwọ̀ ewé tí a rí ní àwọn òkè ilẹ̀ Togo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Benin. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nìyí.

Ọmọ tálákà ní ìlú kékeré

Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1743 ni a bí Haüy ní Saint-Just-en-Chaussée, ìlú kékeré kan ní apá àríwá Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Owó tí bàbá náà ń rí nídìí òfì kò ju èyí tí ẹbí yóò fi jẹun lọ. Ní ọdún 1745, ìyá rẹ̀ tún bí ọmọkùnrin mìíràn, Valentin. Ní ayé ìgbà náà, iṣẹ́ bàbá ni ọmọ ahunṣọ máa ń jogún. Kò sí ẹni tí ó lè rò pé orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì yìí yóò kárí ayé.

Ilé ńlá kan wà ní ìlú náà tí àwọn ọkùnrin tí ó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìsìn Kátólíìkì ń gbé. René-Just fẹ́ràn orin ìsìn púpọ̀, kì í sì í pa ìsìn jẹ. Olórí ilé náà ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó rí i pé orí rẹ̀ pé, ó sì ní kí àwọn ènìyàn òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìwé. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Láìpẹ́, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó mú ọmọ náà lọ sí Paris, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti rí ẹ̀kọ́ tí ó tó o.

Ìyá náà kò ní owó, kò sì ní alágbára kan tí ó mọ̀ ní Paris. Síbẹ̀, ó gbà láti lọ. Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ rí ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ akọrin nínú ilé ìsìn kan. Lẹ́yìn náà, a fún un ní àyè láti kàwé láìsan owó ní Collège de Navarre, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jùlọ nígbà náà. Ó kàwé dáadáa débi pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà fi í ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1770, ó di àlùfáà. Lẹ́yìn náà, ó lọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Paris, Collège du Cardinal-Lemoine.

Láti ara ewé dé ara òkúta

Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Haüy ti bá àgbà olùkọ́ kan pàdé. Lhomond ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó kọ àwọn ìwé gírámà tí àwọn ọmọ ilé ìwé Faransé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Lhomond fẹ́ràn láti máa rìn kiri, kí ó máa ṣa ewé àti òdòdó jọ, kí ó sì máa wá orúkọ wọn. Haüy kò mọ nǹkan kan nípa ewé. Nígbà tí ó lọ sinmi ní ìlú rẹ̀, ó wá ẹni tí ó kọ́ ọ ní orúkọ wọn, kí ó lè mú inú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dùn nígbà tí ó bá padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ sínú ìmọ̀ nípa ohun tí Ọlọ́run dá.

Ọgbà ńlá ọba, níbi tí a ti ń tọ́jú ewé àti igi láti gbogbo ayé, kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ kan, Haüy rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń wọlé lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé wọn. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Daubenton ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta àti àwọn ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òkúta ti gba ọkàn àlùfáà yìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà á láàmú. Ó mọ̀ pé irú ewé kan náà máa ń so irú òdòdó kan náà, bí a bá tilẹ̀ gbìn ín sí ọgọ́rùn-ún ibi. Kí ni ó wá dé tí irú òkúta kan náà fi ń ní ojú àti igun oríṣiríṣi? Ṣé òkúta kò ní òfin ni?

Òkúta tí ó bọ́ lọ́wọ́

Kí a lè mọ ohun tí Haüy ń wá, ẹ jẹ́ kí a wo hóró iyọ̀. Bí a bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ hóró náà dà bí àpótí kékeré tí ó ní ojú mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dì nígbà tí omi gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ohun àlùmọ́nì tí ó bá dì báyìí, tí ó ní ojú tí ó tẹ́jú àti igun tí ó ṣe déédéé, ni a ń pè ní kírísítálì. Púpọ̀ nínú òkúta ayé jẹ́ àkójọpọ̀ kírísítálì kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ara wọn.

Haüy ti súnmọ́ ogójì ọdún nígbà tí ó lọ wo àwọn òkúta tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó jọ. Ó gbé ọ̀kan tí ó lẹ́wà lọ́wọ́. Kálísíìtì ni, irú ohun àlùmọ́nì kan náà tí ó wà nínú òkúta ẹfun. Òkúta náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Ojú tì í gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ̀ ba láti ṣa àfọ́kù rẹ̀, ó rí ohun tí kò retí. Àwọn ibi tí òkúta náà ti fọ́ kò rí wúruwùru. Wọ́n dán, wọ́n tẹ́jú, igun wọn sì bá ti irú kálísíìtì mìíràn mu, èyí tí ìrísí òde rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti èyí tí ó fọ́.

Haüy sáré padà sílé. Ó kó àwọn kálísíìtì tirẹ̀ sílẹ̀, ó mú òòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìrísí òde wọn kò jọra rárá. Ṣùgbọ́n inú gbogbo wọn ni ó ti bá àpótí kékeré kan náà, èyí tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé ọ̀ràn òkúta dà bí ọ̀ràn ilé kíkọ́. Bíríkì kan náà ni a fi ń kọ́ yàrá, tí a fi ń kọ́ kànga, tí a sì fi ń ṣe àtẹ̀gùn. Ilé yàtọ̀, bíríkì kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún kírísítálì. Bí bíríkì kéékèèké náà ti tò lé ara wọn ni ó ń sọ bí ìrísí òde yóò ti rí. Ó fi ìṣirò wá òfin títò náà, ó sì rí i.

Ní ọdún 1781, ó gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Académie des sciences ní Paris. Onítìjú ni, kò sì fẹ́ lọ. Daubenton àti Laplace, onímọ̀ ìṣirò ńlá nì, ni wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọdún 1783, wọ́n mú un mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Romé de l'Isle, ọ̀mọ̀wé mìíràn tí ó ti ń wọn igun òkúta ṣáájú rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó fún un ní ìnagijẹ afọ́kírísítálì. Haüy kò bá a jà. Ó ń bá òòlù rẹ̀ lọ.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbàgbé

Ní ọdún 1789, ilẹ̀ Faransé dàrú. Àwọn ará ìlú dìde sí ọba. Ìjọba titun fẹ́ kí gbogbo àlùfáà búra pé àwọn yóò tẹ̀ lé òfin tí ìjọba ṣe fún ìjọ. Haüy rí i pé ìbúra náà lòdì sí ẹ̀rí ọkàn òun, kò sì búra. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Wọ́n gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1792, àwọn kan wá tú ilé rẹ̀, wọ́n da kírísítálì rẹ̀ rú, wọ́n sì mú un lọ sí Saint-Firmin, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tí wọ́n sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni ó ti bá ọ̀pọ̀ àlùfáà bí tirẹ̀ pàdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lhomond sì wà lára àwọn tí wọ́n mú.

Ó tún ní kí wọ́n bá òun gbé àwọn àpótí kírísítálì òun wá. Nínú ẹ̀wọ̀n, ó jókòó, ó ń to àwọn òkúta tí wọ́n ti dà rú, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ní ìta tí kò lè jókòó. Geoffroy Saint-Hilaire ni orúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Haüy, ọmọ ogún ọdún. Ó sáré kiri láti ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, títí Académie fi kọ̀wé béèrè ìdásílẹ̀ Haüy. Ní àárín oṣù kẹjọ náà, ìwé ìdásílẹ̀ dé ní alẹ́. Inú Geoffroy dùn, ó ní kí olùkọ́ òun máa bọ̀ kíákíá. Haüy kò kánjú. Ilẹ̀ ti ṣú, ó sì fẹ́ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè ṣe ìsìn òwúrọ̀. Ó di òwúrọ̀ kí wọ́n tó rí i mú jáde.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, àwọn jàǹdùkú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Paris, wọ́n ń pa àwọn tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n dé Saint-Firmin, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlùfáà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà, Geoffroy gbé àkàbà sí ara ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Àlùfáà méjìlá ni ó bá ọ̀nà náà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Lhomond pẹ̀lú ti bọ́ ṣáájú, nítorí pé ẹnìkan tí ó ti kọ́ ní ìwé rí wà nínú àwọn aláṣẹ. Olùkọ́ méjì ni ó gbin ẹ̀kọ́ sínú ọmọ ọlọ́mọ, àwọn méjèèjì sì jẹ èso rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣòro.

Omi tí ó di kílò

Ní àkókò yẹn, òṣùwọ̀n ilẹ̀ Faransé kò dọ́gba. Òṣùwọ̀n ìlú kan kò bá ti ìlú kejì mu. Èyí ń fa ìjà ní ọjà, olówó sì ń fi ń rẹ́ tálákà jẹ. Ìjọba titun pinnu pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn yóò máa lò. Wọ́n yan àwọn ọ̀mọ̀wé sí ìdí iṣẹ́ náà, Haüy sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Iṣẹ́ ti Haüy àti Lavoisier ni láti wọn omi. Lavoisier yìí ni a ń pè ní bàbá ìmọ̀ kẹ́místrì ti òde òní. Ní ọdún 1793, wọ́n wá bí omi mímọ́ tí ó kún ìwọ̀n tí a mọ̀ ti wúwo tó. Láti ara irú iṣẹ́ yìí ni kílò ti jáde: omi tí ó kún àpótí tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà. Omi náà jẹ́ lítà kan, ó sì wúwo tó kílò kan. Haüy tún kọ ìwé kékeré kan tí ó ṣàlàyé òṣùwọ̀n titun náà, kí ó lè yé àwọn ará ìlú.

Kí ọdún náà tó parí, wọ́n mú Lavoisier, nítorí pé ó ti jẹ́ agbowó-orí fún ọba rí. Ìbẹ̀rù ti gba ìlú. Ẹni tí ó bá gbèjà ẹlẹ́wọ̀n lè di ẹlẹ́wọ̀n. Haüy, àlùfáà tí kò búra, tí ó ti fojú rí ẹ̀wọ̀n, fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Borda láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹnìkejì wọn. Wọn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1794, wọ́n bẹ́ Lavoisier lórí.

Ìwé ńlá àti àṣìṣe kékeré

Nígbà tí ìlú rọ̀, wọ́n fi Haüy ṣe olùtọ́jú àwọn òkúta ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Paris. Ní ọdún 1801, ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí àwọn ohun àlùmọ́nì. Ní ọdún 1802, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Muséum, nínú ọgbà ńlá níbi tí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ Daubenton. Àwọn ènìyàn ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè láti gbọ́ ọ.

Ó rí i pé òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé tí a ń pè ní émẹ́rọ́ọ̀dì, àti òkúta mìíràn tí ń jẹ́ bẹ́rílì, ní igun kan náà. Vauquelin, onímọ̀ kẹ́místrì, wá tú wọn wò. Ní ọdún 1798, ó fi hàn pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì, ó sì rí ohun titun nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Ìrísí òkúta ti sọ òtítọ́ ṣáájú iná àti oògùn.

Haüy náà kò ṣàìṣe àṣìṣe. Ó fẹ́ràn òfin tí ó rọrùn, ó sì gbà pé igun òkúta gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tí ó rọrùn mu. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe irin-iṣẹ́ tí ó wọn igun jù ti tirẹ̀ lọ, wọ́n rí i pé igun kálísíìtì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó kọ, kò tilẹ̀ tó ìwọ̀n kan. Ní ọdún 1819, Mitscherlich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tún fi hàn pé ohun tí ó yàtọ̀ síra lè dì sí ìrísí tí ó jọra. Haüy ti dàgbà nígbà náà, kò sì fẹ́ gbà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò wó.

Àbúrò tí ó fi ìka kọ́ni ní ìwé

A kò lè sọ ìtàn René-Just kí a má sọ ti Valentin. Ní ọdún 1771, Valentin rí àwọn afọ́jú ní ọjà kan ní Paris. Wọ́n dé wọn ní fìlà ẹlẹ́yà, wọ́n fi awò ojú sí wọn lójú, wọ́n ní kí wọ́n máa lu ohun èlò orin, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ afọ́jú ní ìwé. Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan tí ń ṣagbe, ó sì kọ́ ọ ní lẹ́tà tí a tẹ̀ kí ó yọ sókè lára bébà, tí ìka lè fọwọ́ kàn. Ọmọ náà mọ̀wé. Láti ibẹ̀ ni Valentin ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Paris.

Ní ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọmọ afọ́jú kan, Louis Braille, ti wọlé ní ọdún 1819. Òun ni ó wá ṣe ìwé alámì tótòtó tí àwọn afọ́jú gbogbo ayé ń kà lónìí, títí kan àwọn ọmọ tí ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí ó wà ní Sègbéya ní Cotonou. Ọmọ ahunṣọ kan ka òkúta, èkejì mú kí ẹni tí kò ríran kàwé.

Òkúta tí ó yan ara rẹ̀

Ní ọdún 1822, ìwé ńlá Haüy tún jáde ní ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú àtúnṣe. Inú rẹ̀ ni ó ti sọ òkúta kan lórúkọ. Ohun àlùmọ́nì méjì ni ó pọ̀ jù nínú òkúta náà: gíréná, tí ó pupa, àti ọ́nfásíìtì, tí ó ní àwọ̀ ewé. Haüy rí i pé àwọn méjèèjì kì í sábà para pọ̀ láti di òkúta. Ó dà bí ẹni pé wọ́n yan ara wọn láàárín gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Nítorí náà, ó mú ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí yíyàn, ó sì pe òkúta náà ní ẹ́kílójíìtì.

Haüy kò mọ ohun tí ó mú wọn yan ara wọn. Ó ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ojú ilẹ̀ ayé pín sí ọ̀nà púpọ̀, bí obì ti pín sí awẹ́. Àwọn awẹ́ ilẹ̀ yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ti ń hù. Níbi tí méjì bá ti pàdé, ọ̀kan lè rì lọ sábẹ́ èkejì. Òkúta dúdú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun a máa bá a rì. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń fún gàrí mọ̀ pé bí a bá gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́, omi yóò jáde, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì ki. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi jáde lára òkúta, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tún ara rẹ̀ tò, ó sì di gíréná àti ọ́nfásíìtì. Kì í yọ́ bí òrí. Bí ó ti le náà ni ó ṣe ń yípadà, bí amọ̀ ti ń di ìkòkò nínú iná.

Ó gba kí òkúta rì ju 45 kìlómítà lọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, èyí tí ó jìn ju bí Ouidah ti jìn sí Cotonou lọ. Òkúta dúdú tí ó kún lítà kan wúwo tó bí kílò 3. Bí ó bá di ẹ́kílójíìtì, lítà kan rẹ̀ yóò wúwo tó bí kílò 3 àti ààbọ̀. Òṣùwọ̀n tí Haüy bá wọn ṣe ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ náà.

Ní gúúsù ilẹ̀ Togo, ní àwọn òkè Lato, ẹ́kílójíìtì wà níbẹ̀. Ó tún wà ní Gourma ní ilẹ̀ Mali, àti ní Ceará ní ilẹ̀ Brazil, ní òdìkejì òkun. Ní Gourma, òkúta náà ní àmì pé ó ti dé ibi tí ó jìn tó bí 100 kìlómítà. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Brazil ṣì máa jẹ́ ọ̀kan. Òkun kan wà ní ibi tí Togo àti àríwá Benin wà lónìí. Òkun náà pa dé, ilẹ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn rì lọ sábẹ́ ti ìlà-oòrùn, ilẹ̀ méjèèjì sì kọlu ara wọn. Ìkọlù náà ni ó gbé òkè Atakora dìde, èyí tí ó gba Ghana àti Togo kọjá dé Natitingou. Ilẹ̀ Ìdàáṣà àti ti Ṣábẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwọn òkè wọn, wà ní apá ìlà-oòrùn, lára ilẹ̀ tí kò rì. Lẹ́yìn náà, bí igbá tí a tẹ̀ bọ omi ti í yọ padà, díẹ̀ nínú ohun tí ó rì gòkè wá. Òjò àti atẹ́gùn ha ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, òkúta pupa àti àwọ̀ ewé náà sì yọjú.

Haüy tún ní ọwọ́ nínú orúkọ mìíràn tí ó jẹ mọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1801, ó pe òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ní dísítẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó túmọ̀ sí agbára méjì. Ọ̀bẹ lè ha á ní òòró ṣùgbọ́n kò lè ha á ní ìbú. Dísítẹ́ẹ̀nì pẹ̀lú jẹ́ òkúta tí ó fẹ́ràn ibi tí ẹrù pọ̀.

Ikú rẹ̀

Nígbà tí ọba padà sórí oyè ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba gba owó ìfẹ̀yìntì tí Haüy ń gbà. Ó darúgbó, kò sì ní lọ́wọ́ púpọ̀. Ní ọdún 1817, Valentin dé láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níbi tí ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò le, kò sì ní ilé. René-Just gbà á sílé. Àwọn arákùnrin méjèèjì, tí wọ́n jọ jẹun nídìí òfì bàbá wọn, tún jọ jẹun ní ìgbà ogbó. Valentin kú ní oṣù kẹta ọdún 1822. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, René-Just ṣubú nínú yàrá rẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣì ń bójú tó ìwé rẹ̀ tí ó ń jáde. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. A sin ín ní Père-Lachaise ní Paris.

Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn orúkọ 72 tí a kọ sí ara ilé-ìṣọ́ Eiffel. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni ó fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òkúta tí ọmọ ènìyàn ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ láti ìgbà láéláé ni ó ti di ohun tí a lè kà. Ẹni tí ó bá ń gba òkè Lato kọjá lónìí, tí ó rí òkúta pupa àti àwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lè mọ̀ pé òkun kan wà níbẹ̀ rí, pé òkun náà pa dé, àti pé òkúta náà ti lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ó sì ti bọ̀. Ọmọ ahunṣọ, tí ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ mú wọ Paris, ni ó fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é.